Ẹni tó kú, ẹni tó kù: ohun tí àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì ń sọ lẹ́yìn Kòrónà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin èwe. Ọ̀rọ̀ ikú la fẹ́ sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí Yorùbá máa ń fi ẹnu kàn lásán. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àwọn tí àrùn Kòrónà mú lọ láti ọdún 2020 ní orúkọ, wọ́n ní ẹbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní nọ́ńbà kan ní ọ́fíìsì tó ń san owó ìfẹ̀yìntì fún wọn. Nọ́ńbà yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ìdí tí àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì fi wúlò fún ẹni tó ń tọpa ikú kò ṣòro láti mọ̀. Ọ́fíìsì tó ń san owó lóṣooṣù gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà láàyè. Ó ní ọjọ́ ìbí oníkálùkù lọ́wọ́, ó mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ó mọ iṣẹ́ tó ṣe, iye tó ń gbà, ọjọ́ tó fẹ̀yìntì àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ dúró. Ètò ìkànìyàn kì í kó gbogbo èyí pa pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìwé ẹ̀rí ikú mọ ẹni tó kú, ṣùgbọ́n kò mọ iye àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣì wà. Àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì mọ àwọn méjèèjì.

Kókó tí a mú wá kò pọ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí irú àkọsílẹ̀ yìí ti jinlẹ̀, ikú láàárín àwọn tó ti fẹ̀yìntì ti padà sí ibi tó wà kí àjàkálẹ̀ àrùn tó dé, tàbí kó kù díẹ̀ kó débẹ̀. Ohun méjì ni kò padà. Èkíní ni àwọn ọdún tó yẹ kí ẹ̀mí àwọn èèyàn ti fi gùn sí i láàárín ìgbà náà. Èkejì ni ti àwọn tí wọn ò tíì tó fẹ̀yìntì, tí ikú wọn ṣì ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ títí di 2023. Ẹni tó bá kàn ka òkú inú ìwé láì ka alààyè kò ní rí èyí; ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá ni yóò rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo odindi orílẹ̀-èdè kan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó kú ní ọdún 2019 jẹ́ 2,854,838. Ní 2020, wọ́n di 3,383,729. Ní 2021, wọ́n gòkè dé 3,464,231. Lẹ́yìn náà ni iye náà ń sọ̀kalẹ̀: 3,279,857 ní 2022, 3,090,964 ní 2023. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn nìkan á ní àjálù náà ò tíì lọ, torí ó fi nǹkan bíi 236,000 ju ti 2019 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó Amẹ́ríkà ní 2023 pọ̀ ju ti 2019 lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1946, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, pé ẹni ọdún 77 ní 2023, ìran tó tẹ̀lé wọn sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Bí àrùn kankan ò tilẹ̀ wọ̀lú, òkú á máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún.

Ìdí nìyí tí a fi ń gba ti ọjọ́ orí rò. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó kú nínú èèyàn 100,000 ní Amẹ́ríkà jẹ́ 715.2 ní 2019, 879.7 ní 2021, ó sì ti wálẹ̀ sí 750.5 ní 2023. Òṣùwọ̀n tó wá kan àwọn afẹ̀yìntì gbọ̀ngbọ̀n ni iye ọdún tí wọ́n ń rò pé ó kù fún ẹni ọdún 65. Ọdún 19.6 ni ní 2019. Ó já sí 18.5 ní 2020, 18.4 ní 2021, ó gbéra díẹ̀ sí 18.9 ní 2022, ó sì dé 19.5 ní 2023. Ọdún mẹ́rin gbáko, a ò kúrò lójú kan.

Ẹ má ṣi nọ́ńbà yẹn kà o. 18.4 ti ọdún 2021 kò sọ pé ẹni tó pé 65 lọ́dún náà yóò lo ọdún 18.4 sí i kó tó kú. Ohun tó ń sọ ni pé bí ikú bá ń pa èèyàn títí lọ bó ṣe pa wọ́n ní 2021, ibẹ̀ ni ìpíndọ́gba yóò bọ́ sí. Kò sì pa wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà ọdún burúkú yẹn ṣètò owó fún ẹni ọdún 65, owó tó máa kó jọ kò ní tó, owó á sì tán kí ẹ̀mí tó tán.

Ti àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ló yẹ kó ká wa lára jù. Láàárín àwọn ẹni ọdún 35 sí 44 ní Amẹ́ríkà, 199.2 ló kú nínú 100,000 ní 2019. Ó fò sókè sí 287.9 ní 2021. Ní 2023, tí ariwo Kòrónà ti rọlẹ̀, 237.3 ló ṣì jẹ́, ìyẹn ni pé ó fi bíi ìdá 19 nínú 100 ga ju ti 2019 lọ. Ẹ wá wo àwọn ẹni ọdún 65 sí 74: 1,764.6 ní 2019, 1,809.8 ní 2023, èyí tí kò fi ju ìdá 3 nínú 100 lọ. Kì í ṣe Kòrónà nìkan ló fa ti àwọn ọ̀dọ́. Oògùn olóró àti ògùn ìrora tí wọ́n lò kọjá ààlà pa 70,630 èèyàn ní 2019. Ní 2023, 105,007 ló pa. Àwọn wọ̀nyí kì í sí nínú àkọsílẹ̀ afẹ̀yìntì. Inú ìwé àwọn tó ń dáwó lọ́wọ́ ni wọ́n wà, ní abala ikú lẹ́nu iṣẹ́, abala tí ọ̀pọ̀ àjọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò torí pé owó tó ń bá a rìn kéré. Àbá wa ni pé kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Bí a ṣe ń yọ ikú jáde nínú ìwé

Ká ní àkọsílẹ̀ àjọ kan wà níwájú wa báyìí. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ka àkókò tí oníkálùkù fi wà lórí ìwé. Ẹni tó wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù January títí dé ìparí December jẹ́ odindi ọdún kan. Ẹni tó fẹ̀yìntì ní ọjọ́ kìíní oṣù April jẹ́ ọjọ́ 275 nínú 365, ìyẹn 0.75. Ẹni tó kú ní ọjọ́ kẹwàá oṣù March ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kà á. Bí a bá ń wá ìṣeéṣe pé ẹni tó rí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yóò kú kí ọdún tó parí, odindi ọdún la máa kà fún olóògbé náà, bó tilẹ̀ ti lọ. Bó bá jẹ́ pé bí ikú ṣe ń yára tó láàárín àkókò la fẹ́ wọ̀n, ọjọ́ tó kú la máa dá kíkà dúró. Kò sí èyí tí kò dára nínú méjèèjì. Ohun tó burú ni kí a lo èkíní fún 2019, ká lo èkejì fún 2021, torí pé nọ́ńbà èkejì máa ń ga ju ti èkíní lọ, a ó sì pe ìyàtọ̀ ìṣirò ní ìyàtọ̀ ikú.

Lẹ́yìn náà la ó fi àtẹ ikú wọ̀n ọ́n, ìyẹn àtẹ tó ń sọ iye tó yẹ kó kú lọ́dún ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọ̀pọ̀ àjọ ìjọba ní Amẹ́ríkà ń lò ni Pub-2010, tí Society of Actuaries, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ikú àti owó ìfẹ̀yìntì níbẹ̀, gbé jáde ní January 2019. Àkọsílẹ̀ ọdún 2008 sí 2013 ni wọ́n fi ṣe é. Ó ya àwọn olùkọ́ sọ́tọ̀, ó ya àwọn ọlọ́pàá àti panápaná sọ́tọ̀, ó sì kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù sí ìsọ̀rí kan. Ó tún ní àtẹ mìíràn fún àwọn tó fẹ̀yìntì nítorí àìlera, àti fún opó tàbí ọkọ tó ń jogún owó olóògbé. Àwọn olùkọ́ ló ń pẹ́ láyé jù nínú ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ rí i pé kò sí ọ̀nà tí a fi lè mú àtẹ olùkọ́ kí a fi wọn ikú àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ìgboro, kí èsì rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Àwọn ẹni ọdún 70 sí 74 nínú àjọ kan, bí a bá ro àkókò gbogbo wọn pọ̀, ó jẹ́ ọdún 4,000. Àtẹ sọ pé ìdá 2 nínú 100 ló ń kú lọ́dún, nítorí náà 80 la retí. Àwọn tó kú gan-an jẹ́ 92. Pín 92 sí ọ̀nà 80, wàá rí 1.15, ìyẹn ni pé ikú fi ìdá 15 nínú 100 ju èyí tí a retí lọ. Níbi tí ìròyìn ti máa ń gbóná nìyẹn, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ ká ti ṣe sùúrù. Nọ́ńbà tí a lè fi ara rẹ̀ ṣe ìlọ́po kó fún wa ní 80 jẹ́ nǹkan bíi 9. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ikú inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fi bíi 9 lé ní 80 tàbí kó fi 9 dín, láìsí ìdí kankan ju bí ayé ṣe rí lọ. 12 tó lé yìí kò tó ìlọ́po méjì 9. Kò ṣeé fi jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àjọ ńlá, tí ọdún rẹ̀ jẹ́ 40,000, tí a retí 800, tí 920 sì kú, ìdá 15 kan náà ni, àmọ́ nọ́ńbà tí a ó fi wọ̀n ọ́n kò ju 28 lọ, 120 tó lé sì ti fi ju ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ lọ. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Àjọ ìlú kékeré tó ní afẹ̀yìntì 600 kò lè dá jẹ́rìí nípa àjàkálẹ̀ àrùn. Ó níláti da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

A tún máa ń ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kejì, kí a fi owó wọ̀n ọ́n dípò orí èèyàn. Bí ẹni tó ń gba dọ́là 800 lóṣù bá kú, tí ẹni tó ń gba 6,000 náà sì kú, orí méjì ló lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ikú kejì yí padà nínú àpò àjọ ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méje ààbọ̀. Ẹni tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pọ̀ máa ń pẹ́ láyé ju ẹni tí tirẹ̀ kéré lọ. Òtítọ́ yìí dúró ṣánṣán ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí sì nìyẹn tí Pub-2010 fi ní àtẹ tí wọ́n fi orí kà àti èyí tí wọ́n fi owó wọ̀n. Ẹ wo àwọn méjèèjì pọ̀. Bí èyí tí a fi orí kà bá ga fíofío nígbà tí èyí tí a fi owó wọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ ga, àwọn tí kò rí jájẹ ni ikú náà bá jà jù. Ẹni tó bá ní ìtọ́jú owó nìkan ni iṣẹ́ òun, tí kò ka orí, kò ní mọ̀ láéláé.

Ibi tí ìwé ti ń ṣini lọ́nà

Ikú máa ń ṣẹlẹ̀ kó tó wọ ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kò sí ẹbí tó máa rántí ọ́fíìsì ìfẹ̀yìntì. Owó á ṣì máa wọ bánkì lóṣooṣù, ẹ̀rọ ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí àjọ kan bá yọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní September láti fi ka ikú tó ṣẹlẹ̀ títí dé June 30, ikú oṣù May àti June kò ní pé síbẹ̀. Ọdún tó sún mọ́ wa jù á wá máa dà bíi pé ikú ti ń lọ sílẹ̀. Gbogbo ọdún ni ìtànjẹ yìí ń wáyé. Ohun tí a fi ń tún un ṣe ni kí a fi ìwé ọdún tó ti kọjá ṣe òṣùwọ̀n: nínú gbogbo ikú ọdún náà tí a wá mọ̀ nígbẹ̀yìn, mélòó ni a ti mọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta? Bó bá jẹ́ 94 nínú 100, a ó pín ti ọdún yìí sí 0.94. Bí a kò bá sì lè ṣe èyí, kí a dúró oṣù mẹ́fà sí i ká tó kà.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àjọ ń fi orúkọ afẹ̀yìntì wọn wé Death Master File, ìwé orúkọ àwọn olóògbé tí Social Security, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, ń tọ́jú. Ní November 2011, wọ́n yọ nǹkan bíi 4.2 mílíọ̀nù orúkọ kúrò nínú ẹ̀dà tí ará ìta lè rí, torí pé ọ̀dọ̀ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti gbà wọ́n, tí òfin kò sì gbà kí wọ́n fi hàn. Láti ìgbà náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ikú lọ́dún ni kì í dé inú ẹ̀dà náà mọ́. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní 2013 tún fi ìlẹ̀kùn ti ikú tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta mọ́ ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ. Nítorí náà, àjọ tó bá gbára lé ẹ̀dà yìí nìkan, tó wá fi ikú 2010 wé ti 2021, yóò rí ikú tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ ní ọdún tó burú jù. Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: lára ìròyìn ikú tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí Social Security ń gbà lọ́dún, iye tí kò tó ìdámẹ́ta ìdá kan nínú 100 ló jẹ́ ti ẹni tó ṣì wà láàyè. Ó kéré lójú, àmọ́ ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí máa ń rí i tí owó rẹ̀ dúró lọ́sàn-án gangan. Kí àjọ tó dá owó ẹnikẹ́ni dúró, kí wọ́n kọ lẹ́tà, kí wọ́n sì pe fóònù.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń sá pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bí bàbá bá kú, tí ìyá ń jogún ìdajì owó rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ kan á kàn fi orúkọ ìyá rọ́pò ti bàbá lórí nọ́ńbà kan náà. Ikú bàbá pòórá. Ọjọ́ orí tó wà níbẹ̀ di ti ìyá, ó sì dà bíi pé ẹni ọdún 81 ṣàdédé di ẹni ọdún 76. Bí ẹnì kan bá sì kú láìní ẹni tó máa jogún rẹ̀, wọ́n lè kọ ọ́ sí “ìsanwó parí” dípò “ó kú.” Ọ̀nà tí a fi ń rí wọn mú ni kí a fi ìwé ọdún méjì lé ara wọn, kí a wá gbogbo nọ́ńbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ yí padà, àti gbogbo èyí tó kúrò láìsí ìdí.

Àjàkálẹ̀ àrùn tún fúnra rẹ̀ da ìwé rú. Ní Brazil, INSS, àjọ ìjọba tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, dá ètò ẹ̀rí pé èèyàn wà láàyè, tí wọ́n ń pè ní prova de vida, dúró ní March 2020 kí àwọn arúgbó má bàa lọ tò ní bánkì. Ó tọ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ló ṣe pàtàkì jù. Ohun tó gbé wọn dúró ni pé òfin ọdún 2019 ti ní kí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ fi ikú ránṣẹ́ sí ìjọba láàárín ọjọ́ iṣẹ́ kan ní ọ̀pọ̀ jù lọ ìlú. Láti 2023, INSS fúnra rẹ̀ ló ń wá ẹ̀rí náà nínú àwọn àkọsílẹ̀ ìjọba yòókù, kì í ṣe arúgbó ló ń ru ara rẹ̀ lọ mọ́. Orílẹ̀-èdè tí kò ní irú ìforúkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì dá ètò ìfarahàn dúró, fọ́jú sí ikú fún gbogbo àkókò yẹn.

Kí ni à ń fi wé kí ni?

Àpẹẹrẹ tó mọ́lẹ̀ jù wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní February 2024, ONS, ọ́fíìsì ìṣirò ìjọba níbẹ̀, yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ikú tó lé, ìyẹn iye tó fi ju èyí tí a retí lọ, padà. Tẹ́lẹ̀, ìpíndọ́gba ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fi wọ̀n ọ́n. Lọ́nà yẹn, ikú tó lé ní 2023 jẹ́ 31,442. Nígbà tí wọ́n wá gba ti ọjọ́ orí àti pípọ̀ tí èèyàn ń pọ̀ sí i rò, ó di 10,994. Òkú kan náà, ọdún kan náà. Èyí tó lé ní 20,000 nínú iye àkọ́kọ́ kì í ṣe ikú tó lé rárá. Arúgbó ló pọ̀ sí i. Ti ọdún 2020 kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà: 84,064 di 76,412. Bí àjálù bá jẹ́ òótọ́, bí a ṣe kà á kò lè pa á rẹ́. Ẹni tó bá mú ìwé owó ìfẹ̀yìntì, tó sì ń fi òkú ọdún yìí wé òkú ọdún tó kọjá ní tààrà, ó ń ṣe àṣìṣe tí ONS ti jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ibẹ̀, tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ CMI, máa ń gbé àwòṣe kan jáde lọ́dọọdún, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ bí ikú ṣe máa rí lọ́jọ́ iwájú, tí ọ̀pọ̀ àjọ owó ìfẹ̀yìntì ń lò, títí kan ti ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ káńsù ní London ń dáwó sí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́jú ọdún àrùn. Nínú ti 2020, wọn ò gbé ìwọ̀n kankan lé ikú ọdún náà: òdo. Nínú ti 2021, òdo fún ọdún méjèèjì. Nínú ti 2022, wọ́n gbé ìdá 25 nínú 100 lé ikú ọdún 2022. Nínú ti 2023, ìdá 15 fún 2022 àti ìdá 15 fún 2023. Nígbà tó di ti 2024, wọ́n tún àwòṣe náà mọ, wọ́n sì fi abala kan sí i tó gba ipa àjàkálẹ̀ àrùn sọ́tọ̀, tó sì ń dínkù bí ọdún ṣe ń lọ. Àwa gbà pé ohun tí wọ́n ṣe tọ́. Bí wọ́n bá gbé odindi ìwọ̀n lé 2020, àwòṣe ì bá rò pé ọmọ aráyé á máa kú bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì ń fi òdo sí i títí, wọn ì bá ṣe bíi pé 2022 náà kò ṣẹlẹ̀, nígbà tí ẹ̀rí ti ń pọ̀ pé nǹkan kò tíì padà bọ̀ sípò. Ní Amẹ́ríkà, Society of Actuaries gbé MP-2021, òṣùwọ̀n bí ikú ṣe máa dínkù lọ́dọọdún, jáde ní October 2021 pẹ̀lú ẹ̀rí tó dúró sí 2019. Nígbà tó di 2022, wọ́n pinnu pé àwọn ò ní gbé tuntun jáde. Dídúró náà jẹ́ ìdáhùn.

Ìjọba pàápàá fetí sí i. Ní March 30, 2023, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ò tíì ní mú ọjọ́ tí ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì máa di 68 súnmọ́, torí pé iye ọdún tí wọ́n rò pé èèyàn á lò láyé ti dínkù sí èyí tí wọ́n ń rò tẹ́lẹ̀, tí kò sì tíì dájú ibi tí ipa Kòrónà máa já sí.

Àwọn kan rò pé ikú ọdún 2020 àti 2021 á ti tú àjọ owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ nínú gbèsè. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún gbọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí àrùn náà mú jù ni àwọn tó ti dàgbà gan-an tí ara wọn kò sì le. Ẹni ọdún 88 tó kú, ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ni owó tó kù tí wọn ì bá san fún un. Ẹni ọdún 66 tó yè, bíi ogún ọdún owó ló ń dúró dè é. Nítorí náà, bí ìdá kan nínú 100 àwọn afẹ̀yìntì bá kú ju iye tí a retí lọ, gbèsè àjọ kò ní dín ní ìdá kan nínú 100. Tí opó bá tún wà níbẹ̀ tó ń gba ìdajì, ìdínkù náà á tún kéré sí i.

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí a bi ìwé: ṣé àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn àjálù ló le ju, tí ikú ọdún tó tẹ̀lé e á fi kéré? Bí àwọn tó kú bá jẹ́ àwọn tí ì bá kú láìpẹ́ náà, ó yẹ kí ikú já sí ìsàlẹ̀ iye tí a retí lẹ́yìn náà. Ní Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀ ní 2022, ikú ṣì ga. Ní Íńgíláǹdì àti Wales, CMI rí i pé ikú ọdún 2024, lẹ́yìn tí wọ́n gba ti ọjọ́ orí rò, kéré ju ti 2019 lọ, ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni ìtura náà sì ti pọ̀ jù. A kò rò pé lílọ àwọn aláìlera nìkan ló fa èyí. Ọdún márùn-ún jẹ́ àkókò tó yẹ kí ikú ti fi dínkù dáadáa bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ìdínkù tí a rí sì kéré.

Nàìjíríà

Ní ilé, iye ikú Kòrónà tí Nàìjíríà kà sílẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 3,150. Ọ̀nà kan tí a fi lè yẹ irú iye bẹ́ẹ̀ wò ni láti wo bí àwọn èèyàn tí a mọ̀ lórúkọ, tí a mọ ọjọ́ orí wọn, ṣe kú lọ́dún 2020 sí ti 2019. Ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ jù lọ òkú ti ń wọ ilẹ̀ láì wọ ìwé, àwọn afẹ̀yìntì ìjọba wà lára ìwọ̀nba èèyàn tó wà lórí ìwé bẹ́ẹ̀. PTAD, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2013, ló ń san owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà lábẹ́ ètò àtijọ́, wọ́n sì ti ní ètò I Am Alive tí afẹ̀yìntì lè fi fóònù ṣe láti ilé láti fara hàn pé òun ṣì wà láàyè. Àkọsílẹ̀ wà, ó kù kí wọ́n lò ó fún èyí.

Ọjọ́ orí ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ìjọba ń parí ní ẹni ọdún 60 tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ìdí sì wà tí àwọn kan fi dín ọjọ́ orí wọn kù nígbà tí wọ́n ń wọṣẹ́. Lẹ́yìn ẹni ọdún 60, ìṣeéṣe ikú ń fi bíi ìdá 10 nínú 100 lé lórí ara rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹni ọdún 75 bá jẹ́ 70 lórí ìwé, ikú tí a ó rí fún “ẹni ọdún 70” á fi ju ìdajì lọ ga ju bó ṣe yẹ, a ó sì lọ máa wá àrùn tó fà á. Ọ̀nà àyẹ̀wò méjì rọrùn. Ká ka iye ọjọ́ orí tó parí sí 0 tàbí 5: kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ká ka àwọn tí wọ́n kọ pé January 1 ni wọ́n bí wọn: nínú 100,000 èèyàn, nǹkan bíi 274 ló yẹ. Bó bá jẹ́ 5,000, ọjọ́ ìbí àfọwọ́kọ ló wà níbẹ̀. Èyí kò ba ìfiwéra ọdún sí ọdún jẹ́ pátá, torí àṣìṣe kan náà wà ní 2019 àti 2020. Ìfiwéra wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn ló bà jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ mẹ́ta tí kò gbọ́dọ̀ dà pọ̀: ọjọ́ tí èèyàn kú, ọjọ́ tí ẹbí mú ìròyìn wá, ọjọ́ tí owó dúró. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí owó dúró nìkan ló wà nínú ìwé, gbogbo ikú ọdún méjì á rọ́ wọ oṣù tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, a ó sì pe oṣù yẹn ní oṣù àjàkálẹ̀ àrùn. Kí ìwé sì ya ẹni tó kú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò fara hàn. Ẹni tí kò fara hàn lè wà ní Houston lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó lè wà lórí ibùsùn ní Ìlá tí fóònù rẹ̀ kò ní dátà. Kí ìlà tirẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, kí owó rẹ̀ sinmi bí òfin bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kà á mọ́ òkú títí ẹbí tàbí ìwé ẹ̀rí ikú yóò fi dé. Bó bá sì padà wá, kí wọ́n kọ ọjọ́ tó padà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.